Ìrora Kan Náà, Àrùn Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: Bí Dókítà Ṣe Ń Ya Lyme Sọ́tọ̀ Kúrò Lára Fibromyalgia

Bí ẹni tó ní àrùn Lyme bá jókòó síwájú dókítà, ohun tó máa sọ kò ju pé gbogbo ara ń ro òun, pé ó ń rẹ òun láìjẹ́ pé òun ṣe iṣẹ́ kan, pé òun sùn títí ilẹ̀ fi mọ́ síbẹ̀ òun jí bí ẹni tí kò fojú ba oorun, pé orí ń fọ́ òun, pé ọ̀rọ̀ a máa sọnù mọ́ òun lẹ́nu. Bí ẹni tó ní fibromyalgia bá jókòó sórí àga yẹn lọ́jọ́ kejì, nǹkan kan náà ni yóò kà sílẹ̀. Àwọn àgbà a máa ní àrùn tí ń ṣe ogójì ní ń ṣe ọ̀ọ́dúnrún. Ti àwọn méjì yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Kòkòrò àrùn tí eégbọn gbé wọ ara ló ń fa Lyme, oògùn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sì sábà máa ń kápá rẹ̀. Fibromyalgia kò ní kòkòrò kankan nínú. Bí wọ́n bá fi oògùn apakòkòrò àrùn tọ́jú rẹ̀ fún odidi ọdún kan, ìrora náà yóò wà níbi tó wà, oògùn náà sì lè ti da inú aláìsàn rú. Bí wọ́n bá sì pe Lyme ní fibromyalgia, kòkòrò yẹn yóò ráyè wọ oríkèé, ọkàn àti iṣan. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ó yẹ kí aláìsàn fúnra rẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń yà wọ́n sọ́tọ̀, kó má fi gbogbo rẹ̀ lé ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan lọ́wọ́.

Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Maryland, New Jersey, Pennsylvania, Massachusetts àti Rhode Island ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, nítorí àgbègbè tí Lyme ti ń jà gan-an ní Amẹ́ríkà ni ilé wọn wà. CDC, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìdènà àrùn níbẹ̀, fojú bù ú pé nǹkan bí 476,000 ènìyàn ni wọ́n ń tọ́jú fún Lyme lọ́dọọdún. Fibromyalgia ní tirẹ̀ kò mọ ìpínlẹ̀; àwọn àgbàlagbà tó ní in ní Amẹ́ríkà tó mílíọ̀nù 4, obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Níbi tí àrùn méjì bá ti wọ́pọ̀ tó báyìí, kò sí bí wọn kò ṣe ní máa pàdé lára ẹnì kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Orúkọ ìlú ni Lyme, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Connecticut. Ní 1975, ayàwòrán kan tó ń gbé níbẹ̀, Polly Murray, rí i pé oríkèé àwọn ọmọdé àdúgbò ń wú, àìsàn náà sì ti wọ inú ilé tirẹ̀. Aromọléegun tó ń ṣe ọmọdé ni àwọn dókítà pè é. Murray kò gbà, torí aromọléegun kì í ti ilé kan bọ́ sí ilé kejì lójú pópó kan ṣoṣo. Ó kọ orúkọ àwọn aláìsàn sílẹ̀, ó sì pe iléeṣẹ́ ìlera ìpínlẹ̀ náà; ìyá mìíràn, Judith Mensch, náà pè wọ́n. Allen Steere, dókítà ọ̀dọ́ kan ní yunifásítì Yale, ló gba iṣẹ́ ìwádìí náà, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1977: ènìyàn 51, 39 nínú wọn jẹ́ ọmọdé, ibi tí igbó wà ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé, ìgbà ooru ni àìsàn sì sábà bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan rántí pé ara àwọn kọ́kọ́ pọ́n níbì kan, tí ibẹ̀ sì ń fẹ̀, kí orúnkún tó wú. Ní 1981, Willy Burgdorfer, ọmọ Switzerland tó ń ṣiṣẹ́ ní Montana, la inú eégbọn tí wọ́n kó láti Shelter Island ní New York, ó sì bá kòkòrò tín-ín-rín kan tó lọ́ kọrọkọrọ níbẹ̀. Òun ni wọ́n sọ kòkòrò náà lórúkọ mọ́: Borrelia burgdorferi.

Mo ń sọ ìtàn yìí nítorí pé ohun tí Murray ṣe ni dókítà tó mọṣẹ́ ṣì ń ṣe títí dòní. Ó béèrè ibi tí àwọn èèyàn ń gbé, ó béèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ó sì wo ohun tó hàn lára wọn, kó tó gbà pé orúkọ tí wọ́n fún àìsàn náà tọ̀nà.

Eégbọn tó ń gbé Lyme kì í ṣe irú èyí tí a máa ń já lára ajá nílé. Inú ewé gbígbẹ àti koríko etí igbó ló ń gbé. Kì í ti inú ẹyin gbé kòkòrò náà jáde. Ara àwọn ẹranko kéékèèké, pàápàá eku igbó ẹlẹ́sẹ̀ funfun, ló ti ń fà á mu, lẹ́yìn náà ló ń di mọ́ àgbọ̀nrín, ajá tàbí èèyàn. Èyí tó léwu jù fún wa ni ọ̀dọ́ eégbọn tó ń jáde láàárín oṣù karùn-ún sí oṣù keje. Kò tó hóró yànmọ̀tí kan. Bó bá jẹ èèyàn, kì í dunni, ibi tó fara sin ló sì ń wá: abíyá, ẹ̀yìn orúnkún, ìdí irun, ibi tí rọ́bà ṣòkòtò ti fún ìbàdí. Ó sábà gbọ́dọ̀ di mọ́ ara ju wákàtí 24 lọ kí kòkòrò náà tó kọjá sínú ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ní òun kò rí eégbọn lára òun kò tíì sọ ohun tó lè mú Lyme kúrò nínú ọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ pé etí igbó ní Connecticut ló ń gé koríko ní oṣù kẹfà, ẹ má fọkàn sí i pé kò rí i.

Àmì tó dájú jù ni èyí tó ń hàn lójú awọ. Láàárín ọjọ́ 3 sí 30, níbi tí eégbọn ti jẹ èèyàn, ara á pọ́n, ibẹ̀ á sì máa fẹ̀ lójoojúmọ́ títí yóò fi ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ. Ó lè fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Nínú 100 tó ní Lyme, nǹkan bí 70 sí 80 ló ń ní in. Òrùka nínú òrùka ni wọ́n máa ń yà sínú ìwé, àmọ́ ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í ní òrùka, ó kàn pọ́n dọ́gba ni. Lára aláwọ̀ dúdú ẹ̀wẹ̀, pupa náà kì í hàn dáadáa. Ó lè rí bí ibi tí èèyàn fi gbá igun tábìlì tí ẹ̀jẹ̀ fi dì sábẹ́ awọ. Àwòrán awọ funfun ló kún inú ìwé tí ọ̀pọ̀ dókítà fi kọ́ṣẹ́, aláwọ̀ dúdú ló sì ń jìyà rẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní 2000 láti apá ìlà-oòrùn Maryland fi hàn pé àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n kọ orúkọ wọn sílẹ̀ fún Lyme kì í sábà ní àkọsílẹ̀ àmì awọ yìí bíi ti aláwọ̀ funfun, ti oríkèé wíwú ni ó pọ̀ jù lára wọn. Ìyẹn ni pé àkókò tí oògùn díẹ̀ ìbá fi tó ti sábà kọjá lọ kí wọ́n tó mọ̀.

Àwa náà ní àṣìṣe tiwa. Bí àmì yíká kan bá yọ sára, lápalápa ni ẹnu wa máa ń kọ́kọ́ sọ, a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìpara ra á. Lápalápa máa ń yún, etí rẹ̀ máa ń ní èépá, ó sì ń rọra fẹ̀ ni. Ti Lyme kì í fi bẹ́ẹ̀ yún, kò ní èépá, ó sì ń fẹ̀ kíákíá. Ẹ fi bírò yí etí rẹ̀ ká, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kí ẹ tún yà á lọ́jọ́ kejì. Bó bá ti kọjá ìlà bírò, ẹ gbé fọ́tò méjèèjì lọ bá dókítà lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá ní àmì yìí, tó sì ń gbé níbi tí Lyme wà, kò nílò àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kankan kó tó bẹ̀rẹ̀ oògùn. Fibromyalgia kì í ṣe irú rẹ̀ sí awọ ẹnikẹ́ni láé.

Bí wọn kò bá tọ́jú rẹ̀, àwọn àmì mìíràn á bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Ẹnu lè wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láàárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà mìíràn ojú méjèèjì ló ń kọ̀ láti pa dé. Ọkàn lè bẹ̀rẹ̀ sí í lù lọ́nà tí kò tọ́, kí òòyì máa kọ́ èèyàn tàbí kó dákú. Ọrùn lè le gan-an pẹ̀lú orí fífọ́. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, oríkèé ńlá kan tàbí méjì á wú, orúnkún ló sì pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbi orúnkún yìí, nítorí òun ló ń tú ọ̀pọ̀ àṣírí. Orúnkún Lyme máa ń kún fún omi. Dókítà á fi ọwọ́ kan tẹ òkè orúnkún, á fi ìka ọwọ́ kejì tẹ ọmọrí orúnkún, á sì gbọ́ bó ṣe ń léfòó kí ó tó gúnlẹ̀ sórí egungun. Ibẹ̀ á gbóná díẹ̀. Ohun tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu ni pé wíwú náà pọ̀ ju ìrora rẹ̀ lọ. Ẹlòmíràn ń fi orúnkún tí kò gba ṣòkòtò mọ́ rìn wọ ọ́fíìsì dókítà. Bí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ fa omi náà, wọ́n á rí àwọn ọmọ ogun ara lọ́pọ̀lọpọ̀ nínú rẹ̀.

Orúnkún ẹni tó ní fibromyalgia kò ní omi. Ó lè dùn ún ju ti ẹni àkọ́kọ́ lọ lọ́nà mẹ́wàá, kò ní lè gun àtẹ̀gùn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé ọwọ́ lé e, kò wú, kò gbóná, omi kò sí níbẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá iná ń jó nínú ara kì í sábà ga. Ibi yìí gan-an ni ìwà ìkà ti máa ń wọlé. Wọ́n á sọ fún obìnrin náà pé kò sí nǹkan kan tó ń ṣe é, pé ìrònú ló pọ̀ jù fún un, pé kó lọ sinmi. Kì í ṣe òótọ́ pé kò sí nǹkan kan.

Ohun tó bàjẹ́ nínú fibromyalgia ni ọ̀nà tí ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ń gbà ṣe ìròyìn ìrora. Ìfọwọ́kàn tí kò yẹ kó dun èèyàn á dùn ún, èyí tó yẹ kó dùn díẹ̀ á dùn ún gan-an. Ní 2002, Richard Gracely àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ orí èékánná àtàǹpàkò àwọn èèyàn nígbà tí wọ́n wà nínú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán iṣẹ́ ọpọlọ. Ìtẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn ara líle kò kà sí ìrora mú kí àwọn apá ọpọlọ tó ń gbọ́ ìrora ta jí lára àwọn tó ní fibromyalgia. Kí irú ìjí bẹ́ẹ̀ tó wáyé lára àwọn tí ara wọn le, ó di ìgbà tí wọ́n tẹ̀ wọ́n púpọ̀ sí i. Ẹ̀rọ kì í bá ẹnikẹ́ni ṣe ojúsàájú. Ìrora náà wà, ibi tó ti ń wá ni kì í ṣe oríkèé.

Láyé àtijọ́, tí mo túmọ̀ sí 1990, wọ́n ní ibi 18 lára tí dókítà gbọ́dọ̀ fi àtàǹpàkò tẹ̀ títí èékánná rẹ̀ yóò fi funfun. Bí 11 bá dun aláìsàn, fibromyalgia nìyẹn. Láti 2010, tí wọ́n sì tún un ṣe ní 2016, ìbéèrè ló gba ipò ìtẹ̀. Wọ́n ka ibi 19 lára, láti àgbọ̀n dé ojúgun, wọ́n sì béèrè iye tó dùn ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n tún fi máàkì sí bí àárẹ̀, oorun tí kò tuni lára àti iyè tí kò mú ṣe le tó. Ìrora náà gbọ́dọ̀ kan òkè àti ìsàlẹ̀ ara, ọ̀tún àti òsì, ó sì gbọ́dọ̀ ti wà fún oṣù 3 ó kéré tán. Ohun kan tí mo fẹ́ràn nínú ìlànà 2016 ni pé ó sọ ọ́ gbangba pé níní àrùn mìíràn kò ní kí èèyàn má ní fibromyalgia. Kì í ṣe orúkọ tí wọ́n ń fúnni nígbà tí gbogbo àyẹ̀wò bá ti tán lọ́wọ́ dókítà.

Ká ní ìyá kan wà ní Silver Spring, ní Maryland, tó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó lóru láti ọdún pípẹ́, ó sì wá bá dókítà ọmọ Yorùbá. Dókítà ní, "Mọ́mì, ẹ fi ìka kan tọ́ka síbi tó ń dùn yín." Ìyá á ní, "Kí n tọ́ka sí èwo nínú rẹ̀, ọmọ mi? Ibi tí kò dùn mí ni kí o ní kí n tọ́ka sí." Ìdáhùn yẹn nìkan ti sọ púpọ̀. Bó bá tún sọ pé ó ti ń ṣe òun bọ̀ láti bí ọdún mẹ́ta, pé ó ń lọ ó ń bọ̀, pé ó le sí i lẹ́yìn tí òun sin ọkọ òun, pé inú òun a máa le, a sì tún máa ṣí, pé ariwo àti ìmọ́lẹ̀ ń dà òun láàmú, ọ̀nà ti ń lọ síbi fibromyalgia. Dókítà kò gbọ́dọ̀ dúró síbẹ̀. Á wo gbogbo oríkèé lọ́kọ̀ọ̀kan, á ní kí ìyá rẹ́rìn-ín kó lè wo bí ẹnu ṣe dúró, á gbọ́ ìlù ọkàn, á wo agbára ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Á tún yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún ẹṣẹ́ thyroid inú ọrùn tó bá ń lọ́ra, fún aromọléegun, lupus àti àìtó ẹ̀jẹ̀, nítorí àwọn wọ̀nyí náà ń mú kí ara ro èèyàn. Á béèrè bóyá ó ń han-un lójú oorun.

Ẹ wá fi ìyẹn wé ọkùnrin kan ní New Jersey tí ara rẹ̀ le koko títí oṣù kẹfà fi dé, tó ní ibà àti òtútù fún ọjọ́ mẹ́rin láìsí ikọ́, tí orúnkún ọ̀tún rẹ̀ wá wú ní oṣù kẹwàá. Ó mọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ó lè fi ìka kan tọ́ka síbi tó wà. Ìrora Lyme sábà ní ọjọ́ ìbí, ó sì ní ibi tó ń gbé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè ṣí láti oríkèé kan bọ́ sí òmíràn. Ti fibromyalgia kì í sábà ní èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ tó kàn, ibẹ̀ sì ni wàhálà pọ̀ sí. Àyẹ̀wò Lyme tí wọ́n ń ṣe jù kì í wá kòkòrò fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun tí ara kó jáde láti bá kòkòrò náà jà ni ó ń wá. Láti inú èyí ni ìṣòro méjì ti jáde. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ara kò tíì kó ọmọ ogun tó, ìwé lè sọ pé kò sí nígbà tó sì wà. Lẹ́yìn tí oògùn bá ti pa kòkòrò tán, àwọn ọmọ ogun yẹn lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìwé á máa sọ pé ó wà nígbà tó ti lọ. Nítorí náà, bí ẹni tí wọ́n ti tọ́jú bá tún ń ṣe àyẹ̀wò láti mọ̀ bóyá ó ti sàn, owó rẹ̀ ló ń ná dànù.

Ìpele méjì ni àyẹ̀wò náà. Ní 1994, ní Dearborn ní Michigan, àwọn onímọ̀ fẹnu kò pé bí ti àkọ́kọ́ bá mú, kí wọ́n ṣe èkejì tó ń fi ilà hàn, kí ilà 5 nínú 10 sì jáde kí wọ́n tó gbà pé Lyme tó ti pẹ́ ni. Irú ilà mìíràn wà tí 2 nínú 3 tó fún, àmọ́ oṣù àkọ́kọ́ àìsàn nìkan ni wọ́n lè kà á sí. Láti 2019, ìjọba Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí ọ̀nà mìíràn tí kò ní ilà nínú, ṣùgbọ́n ìpele méjì náà ṣì ni. Mo tẹnu mọ́ ilà yìí nítorí pé ọ̀pọ̀ aláìsàn ní ìwé tó fi ilà kan tàbí méjì hàn lọ́wọ́, ẹnìkan sì ti sọ fún wọn pé Lyme ni. Ẹni tí kò ní Lyme rí lè ní ilà kan tàbí méjì, torí àwọn kòkòrò mìíràn tó ń gbé lẹ́nu àti inú wa ní èròjà tó jọ ti Borrelia.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká mú 1,000 èèyàn tí ohun tó ń ṣe wọn kò ju àárẹ̀ àti ara ríro lọ, kí 5 nínú wọn ní Lyme lóòótọ́. Ká ní àyẹ̀wò kan mú gbogbo àwọn 5 yẹn, àmọ́ ó ń ṣi ẹni 2 mú nínú gbogbo 100 tí kò ní in. Nínú 995 tó kù, nǹkan bí 20 ni yóò ṣì mú. Ìwé 25 ló máa jáde pé Lyme wà, 20 nínú rẹ̀ á jẹ́ irọ́. Àyẹ̀wò yìí kan náà, bí wọ́n bá ṣe é fún àwọn tí orúnkún wọn wú tí wọ́n sì ń gbé létí igbó ní Connecticut, ọ̀pọ̀ jù lọ ìwé tó bá jáde pé ó wà á jẹ́ òótọ́. Àyẹ̀wò kò yí padà. Ẹni tí wọ́n ṣe é fún ló yí padà. Àwọn tó ń gbé nílé mọ irú ọ̀rọ̀ yìí láti ara àyẹ̀wò Widal tí wọ́n ń fi wá tífọ́ọ̀dì. Torí pé ọ̀pọ̀ wa ti pàdé kòkòrò náà tàbí ìbátan rẹ̀ rí, ìwé máa ń jáde pé tífọ́ọ̀dì wà lára ẹni tí kò ṣàìsàn rárá, èèyàn á sì máa mu oògùn lọ́dọọdún fún àrùn tí kò ní. Bó ṣe rí pẹ̀lú Lyme nìyẹn bí wọ́n bá ń fa ẹ̀jẹ̀ láìkọ́kọ́ wo ara.

Steere fúnra rẹ̀, tó ti kúrò ní Yale lọ sí Boston, kọ nípa èyí ní 1993. Èèyàn 788 ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn Lyme tó ń darí pé Lyme ń dà wọ́n láàmú. 180 péré ni ó bá Lyme tó ṣì ń jà lára wọn. 156 ti ní Lyme tẹ́lẹ̀, àmọ́ ohun mìíràn ló ń ṣe wọ́n báyìí, fibromyalgia àti àárẹ̀ tí kì í lọ ló sì pọ̀ jù. Àwọn 452 tó kù kò ní Lyme rárá.

Àwọn 156 yẹn ni ọkàn mi máa ń lọ sọ́dọ̀ wọn jù. Àrùn méjèèjì kan púpọ̀ nínú wọn, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Ní ọdún tó ṣáájú ìyẹn, Steere àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan, Dinerman, ti sọ pé nínú èèyàn 287 tí àwọn rí tó ní Lyme, 22 ní fibromyalgia tó bá Lyme wọlé. Wọ́n tọ́pa 15 nínú wọn. Oògùn mú àmì Lyme kúrò, ṣùgbọ́n 14 nínú 15 ṣì ń jẹ̀rora fibromyalgia. Èyí jọ pé àìsàn líle lè ta ọ̀nà ìrora inú ọpọlọ jí, kí ó má sì padà sùn lẹ́yìn tí kòkòrò ti kú. Nínú gbogbo ẹni tí wọ́n tọ́jú fún Lyme, nǹkan bí 5 sí 10 nínú 100 ló ń ní àárẹ̀, ara ríro àti ìgbàgbé tó ń bá wọn lọ ju oṣù 6 lọ. Kì í ṣe pé wọ́n ń ṣe bojúbojú.

Ohun tí wọn kò gbọ́dọ̀ ṣe fún wọn ni kí wọ́n máa da oògùn apakòkòrò àrùn lé wọn lórí títí. Ní 2001, Mark Klempner àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó 129 èèyàn jọ tí wọ́n ti tọ́jú fún Lyme tí ara wọn kò yá. Wọ́n fún àwọn kan ní ceftriaxone láti ojú iṣan fún ọjọ́ 30, kí wọ́n sì gbé doxycycline mì fún ọjọ́ 60 sí i. Wọ́n fún àwọn yòókù ní ohun tó jọ ọ́ tí kò ní oògùn nínú. Kò sí ìyàtọ̀ láàárín wọn. Síbẹ̀ àwọn kan ṣì ń ta ìtọ́jú olóṣù gbọọrọ yìí, wọ́n ń fi rọ́bà sínú iṣan ńlá ní àyà aláìsàn. Rọ́bà yẹn lè kó kòkòrò mìíràn wọ inú ẹ̀jẹ̀. Èèyàn ti kú nípasẹ̀ rẹ̀. Ó ń bí mi nínú pé ẹni tí ara ń ro ni wọ́n ń ta ìrètí yẹn fún lówó gọbọi.

Ìtọ́jú Lyme gidi kò gùn. Fún àmì awọ, doxycycline ọjọ́ 10 tó, tàbí amoxicillin ọjọ́ 14. Fún oríkèé tó wú, ọjọ́ 28 ni. Ti fibromyalgia gba sùúrù ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìrìn tí èèyàn ń rọra fi kún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ àti lílúwẹ̀ẹ́ ń ṣiṣẹ́ ju ọ̀pọ̀ oògùn lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ máa ń le. Oorun ṣe kókó. Ìyá tó ń ṣiṣẹ́ òru yẹn lè nílò kí wọ́n gbé e bọ́ sí ọ̀sán kí ohunkóhun tó lè yí padà. Amitriptyline ìwọ̀nba lálẹ́, duloxetine àti pregabalin ń ran àwọn kan lọ́wọ́. Oògùn ìrora líle bíi tramadol ń ran àwọn díẹ̀ lọ́wọ́, àwọn tó le jù ú lọ kì í ṣe é lóore, wọ́n sì ń di bárakú.

Ẹni tó ń gbé ní Ìbàdàn tàbí Cotonou tí kò tíì kúrò ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kò nílò kó máa wá Lyme. Irú eégbọn yẹn kò sí níbí. Fibromyalgia wà níbí, kì í sì í ṣe àìsàn àwọn òyìnbó. Ti London yàtọ̀ díẹ̀, torí Lyme wà ní Britain, ní àwọn igbó gúúsù England àti òkè Scotland. Ọ̀pọ̀ ìyá ló sì ń lọ bá ọmọ wọn gbé ọmọ tuntun jó ní New Jersey tàbí Massachusetts, tí wọ́n á lo ìgbà ooru níbẹ̀, tí wọ́n á jókòó nínú koríko ẹ̀yìn ilé pẹ̀lú ọmọ-ọmọ. Bí ara bá ń ro wọ́n lẹ́yìn tí wọ́n padà délé, kí wọ́n sọ fún dókítà pé àwọn lọ, kí wọ́n dárúkọ ìpínlẹ̀ tí wọ́n wà àti oṣù tí wọ́n wà níbẹ̀, kí wọ́n sì fi fọ́tò ohunkóhun tó bá yọ sí wọn lára hàn án, kó tó kọ ìwé ibà àti tífọ́ọ̀dì.